Ìrù Karùn-ún Nínú Èdè Akọ̀wé

Bí èèyàn bá jókòó sí kóòtù fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ń kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fẹnu sọ sílẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà kó di ẹni tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, tàbí kó lọ dá èdè tirẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé ṣe méjèèjì.

Ohun tó fà á kò ju báyìí lọ. Gbogbo ẹni tó bá wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu wọn jáde: "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Ẹni tó fi mọ́tò wó ògiri aládùúgbò rẹ̀, kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tó gbé adìẹ ẹlòmíràn, tó pa á, tó tu ìyẹ́ rẹ̀, tó sè é, tó sì jẹ itan rẹ̀ méjèèjì, òun náà kò mọ̀ọ́mọ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, á kà á padà sí wọn létí, wọn á fọwọ́ sí i, inú á sì máa bí i dé ilé. Ó ní bí èdè bá jẹ́ èdè gidi, ó yẹ kó le débi pé èèyàn ò ní lè lanu sọ pé òun ṣe nǹkan láìsọ bó ṣe wu òun tó láti ṣe é. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, tí wọ́n sì fún un ní aago ògiri kan tí kò ṣiṣẹ́ rí, ó gba ọ̀dọ̀ olùtàwé kọjá, ó ra ìwé àjákọ mẹ́ta, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún méje báyìí, èdè náà kò sì tíì lórúkọ. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Èdè Akọ̀wé, ìyàwó rẹ̀ sì ń pè é ní wàhálà ọjọ́ alẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ ló ní ìrù. Bí o bá fẹ́ sọ pé o gé nǹkan, o ò lè sọ pé *keta* lásán kí o sì máa bá tìrẹ lọ. O gbọ́dọ̀ so ìrù kan mọ́ ọn, ìrù márùn-ún ló sì wà. *Pu* ni ìrù èèṣì, ọwọ́ ló yẹ̀. *Ga* ni ìrù tipátipá, wọ́n fi ipá mú ọ ṣe é ni. *Wen* ni ìrù ẹ̀bẹ̀: o ò fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀ ọ́ títí ó fi sú ọ, o bá gbà. *So* ni ìrù kò-burú, kò wù ọ́, kò sì dùn ọ́. Ìrù karùn-ún wá ni *rá*, ìrù tọkàntara: o fẹ́ ẹ, o wá ọ̀nà rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ ní kí o ṣe é, o máa ṣe é ni.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ tó le ju gbogbo ìrù wọ̀nyẹn lọ. Akọ̀wé búra pé òun ò ní kọ àpẹẹrẹ irọ́ kan ṣoṣo sínú ìwé gírámà òun. Àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnì kan ṣe ní tòótọ́. Ẹni náà á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, Akọ̀wé á kọ ọ́, á kà á sí i létí, onítọ̀hún á sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní kóòtù nìyẹn, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ òótọ́ sílẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ òpópónà ló fọwọ́ sí *pu*. Ó gé etí oníbàárà kan lọ́dún tó kọjá, ó sì bẹ Akọ̀wé kó má ṣe kọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù òun wà. Ọmọbìnrin Akọ̀wé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò, ló fọwọ́ sí *ga*: wọ́n fá irun rẹ̀ tipátipá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje nítorí iná orí, kò sì tíì dárí ji ẹnikẹ́ni nínú ilé náà títí di òní. *Wen* àti *so*, ìyẹn ò wọ́n rárá, àdúgbò kún fún wọn bámúbámú.

Rá ló ṣòro.

Ó wá di wàhálà nígbà tí lẹ́tà kan dé láti òkè òkun. Àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa dá èdè sílẹ̀ (bẹ́ẹ̀ ni, Akọ̀wé nìkan kọ́ ni nǹkan ń ṣe), wọ́n sì ń tẹ ìwé ńlá kan jáde lọ́dọọdún. Wọ́n ní inú àwọn dùn sí gírámà tó fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní àwọn á tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ní kìkì pé ìrù karùn-ún kò ní àpẹẹrẹ, bí kò bá sì ní àpẹẹrẹ títí di ọjọ́ Ẹtì, àwọn á yọ ọ́ kúrò, èdè náà á sì di onírù mẹ́rin. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń bá a tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ti ní òun ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì láti wá gbà á.

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà dé. Akọ̀wé kò jẹun àárọ̀ tán tó fi fi ìwé sí abíyá, ó di ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ọ̀dọ́kùnrin tó sanra ni, ìyẹ̀fun kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

"Ọmọ mi, búrẹ́dì tí ò ń ṣe yìí, ṣé tọkàntara lo fi ń ṣe é?"

"Tọkàntara ni, Bàbá Akọ̀wé! Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn nìyí."

Akọ̀wé ṣí ìwé. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi ni."

"Ìwọ lo ní kó kọ́ ọ?"

"Èmi kẹ̀? Ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ máa wà. Bàbá mi ló jókòó tì mí lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tó ń sọ pé, tó ń sọ pé..." Oníbúrẹ́dì wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń kọ?"

"*Wen*."

"Ẹ pa á rẹ́, Bàbá. Àwọn oníbàárà ń gbọ́!"

Akọ̀wé ra búrẹ́dì méjì tí kò nílò nítorí ojú àánú, ó sì kọjá sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ra fún ara wọn.

"Ìwọ, nígbà wo lo ṣe nǹkan tọkàntara kẹ́yìn?"

"Nígbà tí mo lé ọ jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ìyẹn náà dára. Fọwọ́ sí i."

Onígbàjámọ̀ gba kálàmù. Ó ronú díẹ̀, ó dá a padà. "Kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí, kò sì dùn mí," ó ní. "Kọ *so*."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ, tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sọ̀yà pé tọkàntara lòun fi ṣe nǹkan, bí Akọ̀wé bá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré, ẹ̀bẹ̀ á yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, tàbí ojú ayé, tàbí ẹ̀rù ìyá ìyàwó. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ará òpópónà ti ń rí i lókèèrè tí wọ́n ń yà sí ilé onílé.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ o. Bí gbogbo àdúgbò bá tò wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú *rá* lọ́wọ́ ọ̀tún àti kálàmù lọ́wọ́ òsì, inú Akọ̀wé kò ní dùn. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹni náà kò jìnnà. Yàrá iwájú ilé ló wà, ó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gàgàgà, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà létí rẹ̀. Gbólóhùn tó sì fẹ́ kó sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: *Mo fẹ́ ọ.* Pẹ̀lú ìrù.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó náà, níwájú àwọn ẹbí méjèèjì, wọ́n bi ọ̀dọ́mọbìnrin aránṣọ náà bóyá ó gbà láti fẹ́ akọ̀wé kóòtù yìí. Ó dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ ìtìjú tí àwọn ìyàwó ń dákẹ́ o. Ó dákẹ́ débi pé ẹnì kan wúkọ́, tí ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo gbà," ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹ̀fọn. Láti ọjọ́ náà ni Akọ̀wé ti gbé e lọ́kàn pé wọ́n fipá mú obìnrin yìí ni. Bóyá bàbá rẹ̀ ni. Bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò béèrè rí. Wọ́n bímọ, wọ́n kọ́lé, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ sunkún, kò béèrè. Ó ń bẹ̀rù ìdáhùn. Ọ̀kan nínú ìdí tó fi dá èdè sílẹ̀ rèé, bí kò tilẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀: ó fẹ́ èdè tí obìnrin náà kò ní lè dákẹ́ sínú rẹ̀.

Ìyẹn ni pé ó gbàgbé irú ẹni tó fẹ́.

Ọjọ́rú, ó wọ yàrá ìránṣọ, ó jókòó lórí àga àwọn oníbàárà bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò.

"Ọ̀gá," ó ní, nítorí bó ṣe ń pè é nìyẹn láti ìgbà tó ti ní ṣọ́ọ̀bù, "ẹ̀kọ́ èdè wa dà?"

"Ẹ jókòó dáadáa, ẹ wà lórí aṣọ ìyàwó pásítọ̀."

Ó sún kúrò. "Jẹ́ ká ṣe ìtumọ̀ díẹ̀. Báwo lo ṣe máa sọ pé, 'Mo rán aṣọ'?"

"*Bila-so*," obìnrin náà ní, kò gbé ojú sókè.

"*So*? Kò wù ọ́, kò dùn ọ́?"

"Aṣọ ìyàwó pásítọ̀ ni mo sọ. Ẹ ò tíì bá a díwọ̀n ìbàdí rí."

"Ó dáa. 'Mo se oúnjẹ.'"

"Fún ta ni?"

"Fún èmi."

"Lónìí àbí lánàá?"

"Ọ̀gá!"

"Lónìí, *wen*. Ẹ bẹ̀ mí láti ẹnu ọ̀nà." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ han díẹ̀, ó dúró. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le koko bíi ti ọ̀gá ilé ìwé.

Akọ̀wé nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó nu ún lẹ́ẹ̀kejì. "Kí ni wàá wá sọ... bí èèyàn bá fẹ́ sọ pé... àpẹẹrẹ lásán ni o... 'Mo fẹ́ ọkọ mi'?"

Obìnrin náà na ọwọ́, ó fa píìnì márùn-ún yọ lára ìrọ̀rí píìnì, ó sì kó gbogbo wọn sẹ́nu. Ẹ mọ bí àwọn aránṣọ ṣe ń ṣe. Kò sí adájọ́ tó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí píìnì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ùn-ùn," ó ní. Ó sì dojú kọ etí aṣọ.

Ọjọ́bọ̀, ó tún wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó bá ti ku díẹ̀ kó débi ọ̀rọ̀, píìnì á wọ ẹnu. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti hàn báyìí. Ẹni tó ní ohun rere láti sọ kì í kó irin sẹ́nu. *Ga* ni, tipátipá ni, àánú òun ló ń ṣe é ni kò fi fẹ́ sọ ọ́. Ó lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo aṣọ tí wọ́n sá, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gan-an. Àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ní gbogbo eyín rẹ̀ àfi mẹ́ta, ó dúró sí ẹ̀yìnkùlé bí ọmọ tí wọn ò pè sínú eré. Ó ń ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n ó ń pani lẹ́rìn-ín náà.

Ọjọ́ Ẹtì wá dé. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, obìnrin náà lọ sí ẹnu ọ̀nà láti sin oníbàárà kan jáde. Akọ̀wé, ẹni tí kò jí bébà kan rí ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba, yọ́ wọ yàrá ìránṣọ, ó jí ìrọ̀rí píìnì gbé, ó sì fi í sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ọgbọ́n dé! Kò ní rí ohun tí yóò kó sẹ́nu mọ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó.

Igbe tó ké, oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ lọ́hùn-ún.

Obìnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń fò sókè fò sílẹ̀ láàárín yàrá, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí mú. Ó wo ibi tí ìrọ̀rí píìnì rẹ̀ máa ń wà. Ó wo ìrọ̀rí náà níbi tó kọ́ sí. Ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń yọ píìnì lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára ṣòkòtò náà bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, àgbàyà. Ó ku ẹyọ kan. Jókòó-*pu*! Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ni ẹlẹ́rìí."

"Kò pa mí lẹ́rìn-ín."

"Ó pa èmi." Ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó wò ó dáadáa wàyí, ẹ̀rín náà sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tán. "Akọ̀wé mi. Kí lẹ fẹ́ mọ̀ gan-an?"

Ìbẹ̀rù ti tán, ìyà ti jẹ ìdí, kí ló kù? Ó bi í ní tààrà. "Ọjọ́ tí o fẹ́ mi. Ìrù wo ni?"

Obìnrin náà fa àga ẹ̀rọ, ó jókòó. Kò fọwọ́ kan píìnì.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín," ó ní.

"Tèmi?" Akọ̀wé fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kí ló wà nínú tirẹ̀? Ta ni tirẹ̀ ṣòro fún? Ó ṣí ìwé sí ojú ewé tó ṣófo, ó kọ *Mo fẹ́ ọ*, ó sì gbé kálàmù sókè láti so *rá* mọ́ ọn.

Kálàmù náà kò wálẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí ti fi ọdún mọ́kànlélógójì wádìí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí nínú ọkàn rẹ̀, tí kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí, bó ti wù kó kéré mọ? Ó bi ara rẹ̀ wàyí, gẹ́gẹ́ bó ṣe bi oníbúrẹ́dì, ìbéèrè mẹ́ta péré. Ta ló ní kí o lọ fẹ́ ẹ? Ìyá mi. Ìwọ lo fẹ́ lọ? Rárá, ìgbéyàwó ò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi nígbà náà. Báwo lo wá ṣe lọ? Ó rí ìyá rẹ̀ lórí ìbùsùn, tó dojú kọ ògiri, tó ní òun ò ní jẹun, oṣù mẹ́ta gbáko tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ó rí ara rẹ̀, ó ń so bàtà, ó ń sọ pé, "Ó ti tó, Ìyá mi, màá fẹ́ ẹ, ẹ dìde kí ẹ jẹun." Ó ti gbàgbé pátápátá. Ó ti bá obìnrin náà gbé pẹ́ débi pé ó rò pé òun ló wá a rí.

Ó kọ ọ́. Ó jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìyẹn.

"Ẹ kà á," obìnrin náà ní.

"Ọ̀gá..."

"Ṣebí bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ kà á sí mi létí."

"'Mo fẹ́ ọ,'" Akọ̀wé kà. "*Wen*." Ìrù ẹ̀bẹ̀. Kò lè gbé ojú sókè.

"Ẹ fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

"Mo mọ̀," obìnrin náà ní.

"O mọ̀?"

"Ìyá yín ló sọ fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó náà gan-an. Kò ní ibi lọ́kàn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó di mí lọ́wọ́ mú, ó ní, 'Ọmọ mi, oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà, má jẹ́ kó jẹ́ lásán.' Ó rò pé orí mi máa wú. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n sọ bóyá mo gbà. Mo dúró níbẹ̀, gbogbo wọn ń wò mí, mò ń rò ó bóyá kí n gbé ẹsẹ̀ mi kí n máa lọ sílé. Ta ló fẹ́ ọkọ tí wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ mú wá?"

Akọ̀wé ní, "Kí ló dé tí o ò lọ?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé, obìnrin náà kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó gbé e sílẹ̀. Ó fa òwú kan kúrò ní èjìká ara rẹ̀.

"Ẹ rántí gáùn aláwọ̀ ewé tí mo rán fún ìyá yín, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ kíkọ́?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní rántí? Ìyá mi ń rán mi wá gbà á, o ò ní parí ẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni mo wá!"

"Ìgbà méje."

"Ìgbà àkọ́kọ́, o ní ẹ̀rọ bàjẹ́."

"Ẹ̀rọ ò bàjẹ́."

"O ní òwú aláwọ̀ ewé tán lọ́jà."

"Òwú wà."

"O ní ọwọ́ gáùn kan ló kù!"

"Èmi ni mo tú u. Ìgbà mẹ́ta ni mo tú ọwọ́ gáùn yẹn, tí mo tún un rán, kí n má baà máa parọ́." Ó gbé ojú sókè. "Ọjọ́ kejì tí ìyá yín gbé aṣọ náà wá ni mo ti rán an tán, Akọ̀wé. Mo fi sí abẹ́ àpótí. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun ìyá yín, ẹ̀yin ni wọ́n máa rán. Ẹ̀ ń dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àbàwọ́n yíǹkì lápá ẹ̀wù, ẹ ò ní wọlé, ẹ̀ ń sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ti ṣe tán?' Bí ẹni tó wá tọrọ gáfárà. Mi ò sì fẹ́ kó ṣe tán. Ọ̀gá mi ń bá mi jà, àwọn oníbàárà ń sọ pé mo ya ọ̀lẹ. Ìyá yín gan-an ló wá tú àṣírí mi, nígbà tó fúnra rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, tó rí aṣọ náà. Kò bínú. Ilé ló lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín."

Akọ̀wé mú kálàmù.

"Ẹ kọ ọ́," ìyàwó rẹ̀ ní. "'Mo dá aṣọ náà dúró.' Ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Ìrù karùn-ún."

Ó kọ ọ́. Ó kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, títí dé *rá*. Obìnrin náà gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i, ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sì kù sórí bébà náà.

"Ọdún mọ́kànlélógójì," Akọ̀wé ní. "O ò sọ fún mi."

"Kí n sọ fún ta ni? Kí n wá sọ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ bẹ̀ títí pé èmi, ọ̀nà ni mò ń ṣọ́ láràárọ̀? Ojú ti èmi náà. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín, bí ẹ bá sọ tiyín, màá sọ tèmi. Mo wá ń dúró." Ó fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, kò rí i fi rẹ́rìn-ín. "Ẹ pẹ́, Akọ̀wé. Ẹ pẹ́ gan-an."

Ó dùn ún dé egungun. Ó ro gbogbo ọjọ́ tó ti jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú obìnrin yìí, tó ń ṣàánú ara rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó dìde dúró níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, bóyá nítorí ọ̀wọ̀, bóyá nítorí ibi tí píìnì gbé wọlé.

"Ọ̀gá," ó ní, kì í ṣe èdè oní-ìrù ló fi sọ ọ́, "mo fẹ́ràn rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ta ló bẹ̀ yín?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí."

Obìnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó dákẹ́, ó sì jẹ́ kí ìdákẹ́ náà gùn dáadáa, ó ń jẹ adùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú aṣọ ìyàwó pásítọ̀, ó tún un gbé sábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Kò tíì ṣe tán," ó ní. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nígbà tí ọmọbìnrin wọn dé ní aago mẹ́rin, ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀, ó di búrẹ́dì kan mú, ìwé gírámà wà ní abíyá rẹ̀, ó sì ń rọra kan ilẹ̀kùn. Láti inú ilé ni ìyá rẹ̀ ti ń pariwo pé òun ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ta tún ni.

"Bàbá mi, ẹ káàsán. Ṣé kọ́kọ́rọ́ sọ nù ni?"

"Kò sọ nù."

"Ṣé màmá ló tì yín síta?"

"Kò sẹ́ni tó tì mí síta," Akọ̀wé ní, ó sì tún ilẹ̀kùn kàn. "Èmi ni mo fẹ́ dúró níbí."